Ọjọ́ Kẹtàlélógún Oṣù Agẹmọ

Bí ẹni tó ń ka ìtàn ọjọ́ òní lórí rédíò bá dé ọjọ́ kẹtàlélógún oṣù keje, ẹ mọ bí yóò ṣe lọ. Yóò ní lọ́jọ́ náà ní 1829 ni William Austin Burt gba ìwé àṣẹ ìjọba Amẹ́ríkà lórí ẹ̀rọ kan tó jẹ́ bàbá àwọn ẹ̀rọ táípù. Yóò ní lọ́jọ́ náà ní 1989 ni wọ́n bí Daniel Radcliffe, ọmọ tó ṣe Harry Potter nínú sinimá. Lẹ́yìn ìyẹn, ó fi orin sí i, ó wọ ìpolówó ọjà. Ìyá tó ń ta ẹ̀gẹ́ lọ́jà Ìmọ̀tà, tí rédíò wà lẹ́gbẹ̀ẹ́ rẹ̀, kò ní rí ohun tó kàn án níbẹ̀, n kò sì ní bá a wí.

Bẹ́ẹ̀ ọjọ́ yẹn kàn án. Ọjọ́ yẹn gan-an ni wọ́n bí méjì nínú àwọn òṣèlú tí orúkọ wọn ròkè jù lẹ́bàá ọ̀sà Èkó: ọ̀kan ní Ìkòròdú ní 1917, ìkejì ní Ẹ̀pẹ́tẹ̀dó ní ìsàlẹ̀ Èkó ní 1929. Theophilus Owólabí Ṣóbọ̀wálé Benson ni ti àkọ́kọ́, tí gbogbo ayé ń pè ní T.O.S. Lateef Káyọ̀dé Jákàńdè ni ìkejì. Ọdún méjìlá ló wà láàárín wọn. Nígbà tí òṣèlú gbóná jù nílẹ̀ yìí, inú ẹgbẹ́ tó ń bára wọn jà ni oníkálukú wọn wà.

Ìmọ̀tà wà láàárín Ìkòròdú àti Ẹ̀pẹ́, Ránódu sì ni oyè ọba ibẹ̀. Ìjẹ̀bú ni wọ́n bá tan. Oṣù keje ni oṣù Agẹmọ, oṣù tí gbogbo ilẹ̀ Ìjẹ̀bú ń retí àwọn alágẹmọ mẹ́rìndínlógún, tí òjò sì ń sọ ojú ọ̀nà di ọ̀gọ̀dọ̀. Ẹ wo kàlẹ́ńdà tí àwọn ẹgbẹ́ ìlú máa ń tẹ̀, irú èyí tó máa ń wà lára ògiri ṣọ́ọ̀bù onígbàjámọ̀: fọ́tò ọba láàárín, ti alága ẹgbẹ́ lọ́wọ́ ọ̀tún, ti akápò lọ́wọ́ òsì, ọjọ́ ìpàdé gbogbo ni wọ́n fi yíǹkì pupa yí po. Ọjọ́ 23 oṣù keje kì í ní àmì kankan. Ó yẹ kó ní.

Kí ọmọ tí wọ́n bí ní Ìkòròdú ní 1917 ní ọjọ́ ìbí tó dájú, kì í ṣe nǹkan kékeré. Ọjọ́ Ajé ni ọjọ́ náà bọ́ sí, ogun àgbáyé àkọ́kọ́ ṣì ń jà lọ́hùn-ún. Ní abúlé oko tó yí ìlú ká, ọjọ́ ọjà ni wọ́n fi ń rántí ìbí, tàbí ìṣẹ̀lẹ̀ ńlá. Ọmọ tí wọ́n bí ní ọdún tó tẹ̀ lé e, ọdún àjàkálẹ̀ àrùn ọ̀fìnkìn ni wọ́n ń kà á sí, nítorí oṣù kẹsàn-án 1918 ni ọkọ̀ òkun gbé àrùn náà wọ Èkó, tó sì pa àwọn ènìyàn bí ẹni ń gé koríko. Ilé tí ìwé ti wọ̀ nìkan ló ń kọ déètì sílẹ̀, ilé bẹ́ẹ̀ sì ni ilé Benson. Ọmọ náà kàwé ní CMS Grammar School l'Ékòó, ó ṣiṣẹ́ kọ́sítọ́ọ̀mù, ó wọkọ̀ òkun lọ sí Lọ́ńdọ̀nù lọ kọ́ òfin, wọ́n sì gbà á sẹ́gbẹ́ agbẹjọ́rò ní 1947.

Àbúrò rẹ̀ kan wà tí àwọn tó fẹ́ràn ijó mọ̀ ju T.O.S. fúnra rẹ̀ lọ. Bobby Benson ni, tí wọ́n bí ní 1922, olórin háíláìfù tó kọ Taxi Driver, tó sì ní òtẹ́ẹ̀lì l'ójú títì Ìkòròdú tí àwọn ọ̀dọ́ ìgbà náà ń rọ́ lọ. Nígbà tí ẹ̀gbọ́n ń jiyàn ní ilé aṣòfin, àbúrò ń lu gìtá. Ìdílé kan náà, ọ̀nà méjì. Èmi ò tíì mọ ìdílé míì nílùú Ìkòròdú tó fún Nàìjíríà ní irú èyí.

Inú ẹgbẹ́ NCNC ti Azikiwe ni T.O.S. wọ̀. Ní 1951, ìdìbò tó gbé àwọn aṣòfin lọ sí ilé aṣòfin ìwọ̀ oòrùn n'Íbàdàn wáyé, NCNC sì gba ìjókòó márààrún tó jẹ́ ti Èkó: Azikiwe, Adélékè Adédoyin, A. B. Olórun-Nímbẹ̀, H. P. Adébọ̀lá àti Benson. Ohun tó ṣẹlẹ̀ lẹ́yìn ìyẹn ni àwọn àgbà ṣì ń sọ lórí ayò. Láàárín ilé n'Íbàdàn, ní oṣù kìíní 1952, àwọn tí NCNC gbójú lé kúrò lẹ́gbẹ̀ẹ́ wọn, wọ́n dara pọ̀ mọ́ Awólọ́wọ̀. Nígbà tó sì di kí ilé náà yan méjì nínú àwọn ti Èkó tí wọn yóò rán lọ sí ilé aṣòfin àpapọ̀, Adédoyin àti Olórun-Nímbẹ̀ kò yẹ̀ fún Azikiwe. Bí Zik ṣe jókòó sí ìlà àwọn alátakò n'Íbàdàn nìyẹn, títí ó fi padà sí ìlà oòrùn. Benson wà láàárín gbogbo rẹ̀, ó sì mọ bí ẹsẹ̀ ṣe ń yẹ̀ nínú òṣèlú.

Ọdún yẹn náà, 1952, ọjọ́ ìbí rẹ̀ bọ́ sí ọjọ́ Rú. Ó pé ọmọ ọdún márùndínlógójì. Lọ́jọ́ yẹn gan-an ni àwọn ọ̀dọ́ ọ̀gá ológun ilẹ̀ Íjíbítì gba Kairo, tí Ọba Farouk sì di èrò ìgbèkùn lẹ́yìn ọjọ́ mẹ́ta. Gamal Abdel Nasser wà lára wọn. Títí di òní, ọjọ́ 23 oṣù keje ni Íjíbítì ń ṣe ayẹyẹ orílẹ̀-èdè rẹ̀. N kò rò pé ẹnikẹ́ni ní Ìkòròdú rò ó lọ́jọ́ náà pé, kí ogún ọdún tó pé, irú ọ̀gágun bẹ́ẹ̀ yóò ti jókòó sórí àga ní Nàìjíríà pẹ̀lú.

Ẹ jẹ́ ká padà sí Ẹ̀pẹ́, nítorí Ẹ̀pẹ́ ló bí Ẹ̀pẹ́tẹ̀dó.

Ní ìparí oṣù Ọ̀pẹ 1851, ọkọ̀ ogun ọba Gẹ̀ẹ́sì yìnbọn lu Èkó, wọ́n lé Ọba Kòsọ́kọ́ kúrò, wọ́n sì dá Akítóyè padà sórí ìtẹ́. Kòsọ́kọ́ kò lọ jìnnà. Ó fi ọkọ̀ ojú omi kó àwọn ènìyàn rẹ̀ gba ọ̀sà lọ sí Ẹ̀pẹ́, òun àti Òṣòdì Tápà, balógun rẹ̀. Ẹ̀pẹ́ di ìlú agbára. Ọjọ́ 28 oṣù kẹsàn-án 1854 ni Kòsọ́kọ́ àti Kọ́ńsù Benjamin Campbell fọwọ́ sí ìwé àdéhùn ní Ẹ̀pẹ́. Nígbà tí Dòsùnmú fọwọ́ sí ìwé tó fi Èkó lé Gẹ̀ẹ́sì lọ́wọ́ ní 1861, Kòsọ́kọ́ rí i pé ogun ti tán. Ní 1862, ó padà wálé. Ibi tí àwọn ènìyàn Òṣòdì Tápà tẹ̀ dó sí l'Ékòó ni wọ́n ń pè ní Ẹ̀pẹ́tẹ̀dó. Àwọn tó dúró ní Ẹ̀pẹ́ ni Èkó Ẹ̀pẹ́, tí wọ́n wà pẹ̀lú Ìjẹ̀bú Ẹ̀pẹ́ títí di òní. Ẹni tó bá lọ sí Ẹ̀pẹ́, kó béèrè, wọn yóò sọ ẹ̀gbẹ́ tí wọ́n ti wá fún un kó tó tún mí.

Àdúgbò yẹn ni wọ́n bí Jákàńdè sí ní ọjọ́ Ìṣẹ́gun, 23 oṣù keje 1929, láti ọ̀dọ̀ òbí tó ti Òmù-Àrán wá. Ìsàlẹ̀ Èkó ò sinmi nígbà náà. Eléko Èṣúgbàyí ṣì wà nígbèkùn ní Ọ̀yọ́, Herbert Macaulay àti àwọn ará ìlú ń bá ìjọba fa ọ̀rọ̀ rẹ̀, ilé ẹjọ́ sí ilé ẹjọ́. Ọmọ tó gbọ́ irú ariwo bẹ́ẹ̀ látinú ọwọ́ ìyá rẹ̀, kò yani lẹ́nu pé iṣẹ́ ìròyìn ló gbà. Ó lọ sílé ẹ̀kọ́ King's College, ó tún lọ sí Ilesa Grammar School, níbi tó ti ń ṣe olóòtú ìwé ìròyìn ilé ẹ̀kọ́. Ní 1949, ó bẹ̀rẹ̀ iṣẹ́ ní Daily Service. Ní 1953, ó lọ sí Nigerian Tribune, ti Awólọ́wọ̀, ó sì di olóòtú àgbà níbẹ̀ ní 1956. Ẹ̀rọ táípù, tí mo fi ọ̀rọ̀ Burt bẹ̀rẹ̀, òun ni Jákàńdè fi jẹun.

Ọdún tí ọjọ́ yìí sọ ọ̀rọ̀ rẹ̀ ju gbogbo ọdún lọ ni 1963.

Lọ́jọ́ Ìṣẹ́gun, 23 oṣù keje 1963, Benson pé ọmọ ọdún mẹ́rìndínláàádọ́ta, ó sì jẹ́ mínísítà fún ìròyìn ní ìjọba àpapọ̀. Rédíò ìjọba wà lábẹ́ rẹ̀, Voice of Nigeria tó ń sọ̀rọ̀ sí òkè òkun sì ti bẹ̀rẹ̀ iṣẹ́ ní ọdún tó ṣáájú. Jákàńdè pé ọmọ ọdún mẹ́rìnlélọ́gbọ̀n, ó sì wà lára àwọn tí wọ́n ń bá Awólọ́wọ̀ ṣẹjọ́ lórí ẹ̀sùn pé wọ́n fẹ́ fipá gba ìjọba. Ẹjọ́ náà ti bẹ̀rẹ̀ láti oṣù kọkànlá 1962 níwájú Adájọ́ Ṣódẹ̀índé Ṣówẹ̀mímọ́. Ẹgbẹ́ NCNC ti Benson wà nínú àjọṣe tó ń ṣèjọba àpapọ̀. Action Group ti Jákàńdè wà lábẹ́ ẹsẹ̀ ìjọba náà. Lọ́jọ́ ìbí kan náà, ọ̀kan ń ṣàkóso ohun tí rédíò ìjọba ń sọ, ìkejì wà lára ohun tí rédíò náà ń ròyìn.

Ẹnì kẹta tún wà. Lọ́jọ́ yẹn náà, Olú Ọba Haile Selassie pé ọmọ ọdún mọ́kànléláàádọ́rin ní Addis Ababa, nítorí 23 oṣù keje 1892 ni wọ́n bí i ní Ejersa Goro lẹ́bàá Harar. Oṣù méjì péré ni àwọn olórí Áfíríkà ṣẹ̀ṣẹ̀ kúrò nílé rẹ̀, níbi tí wọ́n ti dá Ẹgbẹ́ Ìṣọ̀kan Áfíríkà sílẹ̀ ní 25 oṣù karùn-ún, tí Tafawa Balewa sì wà láàárín wọn. Ìṣọ̀kan ni wọ́n ń kọrin rẹ̀ ní Addis Ababa. Ní Èkó, ọ̀gá ẹgbẹ́ òṣèlú kan àti olóòtú ìwé ìròyìn rẹ̀ ń lọ sẹ́wọ̀n. Jàmáíkà ni ọjọ́ ìbí Selassie ti gbilẹ̀ jù. Àwọn Rásítà ń ṣe é bí ọdún. Èmi ti gbọ́ Bob Marley lójú ọjà Ìkòròdú ju bí mo ṣe ń gbọ́ orúkọ Benson lọ, ìyẹn kì í sì í ṣe ẹjọ́ Marley.

Ìdájọ́ dé ní 11 oṣù kẹsàn-án. Awólọ́wọ̀ gba ọdún mẹ́wàá, Jákàńdè náà lọ sẹ́wọ̀n. Ní 1966, lẹ́yìn tí Gowon gbàjọba, wọ́n dá wọn sílẹ̀. Ọdún yẹn náà ni ìwé tí Jákàńdè kọ lórí ẹjọ́ náà jáde. Ní 1972, ó di ọmọ Áfíríkà àkọ́kọ́ tó jẹ ààrẹ International Press Institute. Ìgbà tó kúrò ní Tribune ní 1975, ó dá ilé iṣẹ́ ìwé tirẹ̀ sílẹ̀, John West Publications, tó ń tẹ Lagos News.

Láàárín àwọn ọdún wọ̀nyí, Ìmọ̀tà ń yí ìjọba padà láìjẹ́ pé ó kúrò lójú kan. Láti 1954, tí wọ́n ti ya Èkó sọ́tọ̀ fún ìjọba àpapọ̀, Ìkòròdú, Ẹ̀pẹ́, Badagry àti Ìkẹjà ṣì wà lábẹ́ Ìbàdàn. Ní 27 oṣù karùn-ún 1967, Gowon dá ìpínlẹ̀ méjìlá sílẹ̀, Èkó sì gba gbogbo wọn padà. Ará Ìmọ̀tà tó sùn sí ìwọ̀ oòrùn jí sí Ìpínlẹ̀ Èkó. Kò sí ọ̀nà tuntun, kò sí omi ẹ̀rọ tuntun. Orúkọ lásán ni ó yí padà nígbà náà.

Lẹ́yìn náà ni ọjọ́ ìbí àádọ́ta ọdún Jákàńdè bọ́ sí ọjọ́ Ajé, 23 oṣù keje 1979. Ìdìbò gómìnà ku ọjọ́ márùn-ún. Wọ́n ti dìbò fún sẹ́nétọ̀ àti fún ilé aṣòfin, ẹgbẹ́ rẹ̀, UPN, sì ti fẹsẹ̀ rinlẹ̀ l'Ékòó. Lọ́jọ́ Àbámẹ́ta, 28, wọ́n dìbò, ó sì wọlé. Ní 1 oṣù kẹwàá, ó gorí àga.

Ohun tó ṣe láàárín ọdún mẹ́rin àti díẹ̀ ni ọ̀pọ̀ ènìyàn fi ń wọn gómìnà gbogbo tó tẹ̀ lé e. Nígbà tó dé, ọ̀pọ̀ ọmọ Èkó ló ń lọ sílé ẹ̀kọ́ ní àárọ̀, tí àwọn míì sì ń lọ ní ọ̀sán, nítorí ilé ò tó. Ó kọ́ kíláàsì káàkiri, ó fòpin sí i, ó sì sọ ẹ̀kọ́ di ọ̀fẹ́. Ilé gbọgbọrọ ni, páànù ló bò ó. Àwọn alátakò rẹ̀ ní ilé adìẹ ni. Ẹ jẹ́ ká sọ òótọ́: bí òjò oṣù keje bá rọ̀ sórí páànù yẹn, tíṣà á fi ṣọ́ọ̀kì sílẹ̀, á máa wo ojú ọmọ, ọmọ á máa wo ojú tíṣà, títí òjò yóò fi dá. Ṣùgbọ́n gbogbo wọn wà nílé ẹ̀kọ́ ní àárọ̀, wọ́n sì ní bẹ́ńṣì tí wọ́n jókòó lé. Mo fara mọ́ páànù náà ju àwọn alátakò lọ.

Ní ojú omi, ó ra ọkọ̀ méjì tí wọ́n pe ọ̀kan ní Baba Kekere, ìnagijẹ tirẹ̀, nítorí àwọn ènìyàn ń wò ó bí Awólọ́wọ̀ kékeré. Ìkejì ni Ìtafájì. Tẹlifíṣọ̀n ìpínlẹ̀ Èkó àti Yunifásítì ìpínlẹ̀ Èkó, 1983, wá sí ayé lọ́wọ́ rẹ̀. Ọkọ̀ Toyota Crown tirẹ̀ ló ń gùn lọ síbi iṣẹ́, ilé rẹ̀ ní Ìlúpéjú ló sì ń gbé. Mo mọ̀ pé ọ̀rọ̀ yìí ti di orin láàárín àwọn tó ń yin ìgbà àtijọ́, ṣùgbọ́n òótọ́ ni.

Ìgbà tí sójà gbàjọba ní òpin 1983, wọ́n fi í sátìmọ́lé, wọ́n ṣẹjọ́ rẹ̀, wọ́n sì dá a sílẹ̀ lẹ́yìn náà. Ohun tó ṣòro fún àwọn olólùfẹ́ rẹ̀ láti gbé mì ni ohun tó tẹ̀ lé e ní 1993. Jákàńdè di mínísítà iṣẹ́ òde àti ilé lábẹ́ Abacha. Ìgbà tó wà nínú ìjọba yẹn, ní 11 oṣù kẹfà 1994, MKO Abíọ́lá dìde ní Ẹ̀pẹ́tẹ̀dó, ó sì pe ara rẹ̀ ní ààrẹ. Àdúgbò tí Jákàńdè ti jáde wá ló ti ṣẹlẹ̀. Ẹnikẹ́ni tó bá mọ òpópónà Ẹ̀pẹ́tẹ̀dó mọ̀ bí ilé ṣe sún mọ́ ilé tó. Àwọn tó gbọ́ Abíọ́lá lọ́jọ́ náà, ìran àwọn tó wo Jákàńdè dàgbà ni. Àwọn kan kò dárí jì í títí ó fi kú. Èmi náà kò lè pe é ní ohun tó dáa, ṣùgbọ́n n kò ní fi ọdún méjì pa iṣẹ́ ọdún mẹ́rin rẹ́.

Benson kò tún padà sí àga ńlá bẹ́ẹ̀. Ó di SAN, ó di olóyè, ó di àgbà tí àwọn oníròyìn ń lọ bá kó lè sọ bí ó ṣe rí n'Íbàdàn ní 1952. Ìyàwó rẹ̀ tí a mọ̀ jù, Opral, ọmọ Làìbéríà tó fẹ́ ní 1962, ni Ọba Adéyínká Oyèkàn fi jẹ Ìyá Oge Èkó ní 1973. Oyè yẹn ló sì gbajúmọ̀ ju oyè ọkọ lọ lójú àwọn obìnrin Èkó.

Ikú wọn pẹ̀lú tún sún mọ́ ara. Benson kú ní 13 oṣù kejì 2008, ẹni àádọ́rùn-ún ọdún. Jákàńdè kú ní 11 oṣù kejì 2021, ẹni ọdún mọ́kànléláàádọ́rùn-ún. Ọjọ́ méjì ló wà láàárín déètì ikú àwọn tí wọ́n bí ní déètì kan náà. Ẹni tó bá fẹ́ fi ìyẹn dá ìràwọ̀ wò, kó máa dá a lọ.

Ìmọ̀tà pẹ̀lú ní ọjọ́ kẹtàlélógún tirẹ̀, bó tilẹ̀ jẹ́ pé oṣù kìíní ló bọ́ sí. Ní 23 oṣù kìíní 2023, Ààrẹ Muhammadu Buhari ṣí ilé iṣẹ́ ìrẹsì Ìpínlẹ̀ Èkó níbẹ̀, èyí tó lè lọ tọ́ọ̀nù méjìlélọ́gbọ̀n ní wákàtí kan. Ìmọ̀tà gbọ́ ìró fèrè ọlọ́lá lọ́jọ́ yẹn. Ní ọjọ́ kejì, Buhari kan náà wọ ìlú Èkó, ó ṣí ojú irin aláwọ̀ búlúù, ti Marina sí Mile 2. Jákàńdè ti ń ṣètò irú ojú irin bẹ́ẹ̀ kí sójà tó lé e kúrò. Ní 1985, lábẹ́ Buhari tó jẹ́ ológun nígbà náà, wọ́n fagi lé e, owó tó bá a lọ sì ju mílíọ̀nù méjìdínlọ́gọ́rin dọ́là lọ. Ọdún méjìdínlógójì ló gba ọkùnrin kan láti fi ọwọ́ kan náà ṣí ohun tó pa dé. Ẹni tó fẹ́ wọ ọkọ̀ ojú irin náà láti Ìmọ̀tà, ó níláti kọ́kọ́ dé Ìkòròdú, kó wọ bọ́ọ̀sì tàbí ọkọ̀ ojú omi, kó sì gba Èkó kọjá kó tó rí ibùdókọ̀ rẹ̀.